Ẹtu Lẹ́bàá Katakata

Obìnrin atọpa ẹran náà kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà ẹran, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iyanrìn. Kò sí ẹsẹ̀ ẹran kankan níbẹ̀. Ọjọ́ méje ló ti ń gbá ọ̀nà mẹ́fà inú igbó tó ṣẹ́kù yìí láràárọ̀, kí ohun tó bá kọjá lè fi ipa sílẹ̀. Ipa bàtà àwọn ọdẹ nìkan ló ń rí.

Aago mẹ́rin ni ọ̀gá àwọn tó ń wó igbó ń bọ̀ wá gba ìwé tí wọ́n ń kọ iye ẹran tó kù sí. Bí obìnrin atọpa yìí bá kọ òdo síbẹ̀, wọn yóò wó igbó náà lọ́la. Ọdún mọ́kànlélógún ló ti ń tọpa ẹran nínú rẹ̀. Ó mọ ibi tí ẹtu ti ń mumi bí ó ti mọ yàrá ara rẹ̀.

Ó fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ jáde síbi tí wọ́n ti wó igi tán. Àbúrò rẹ̀ ló ń wa katakata tó ń hú igi níbẹ̀. Ó jókòó sókè, ó ń jẹ búrẹ́dì, ẹ̀rọ ń kùn lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún ti lọ gbálẹ̀ igbó. Ilé yín ńkọ́, ta ló ń bá yín gbá a?"

"Yọ ẹnu ẹ kúrò lọ́rọ̀ mi."

"Ẹ má bínú. Ewúrẹ́ kan ti ń da ẹ̀yìn òkìtì igi yẹn láàmú láti ìjẹta, ó ń já ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú."

"Ewúrẹ́ wo ló máa rìn dé ibí?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Lẹ́yìn òkìtì náà, ó rí ìgbẹ́ wẹ́wẹ́ dúdú tó ṣì ń dán. Ó sì rí ẹtu fúnra rẹ̀, òun àti ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì ranlẹ̀, lábẹ́ gbòǹgbò tí katakata hú.

Ó yára fa bírò yọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè ìwé. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wó nìyí. Bó bá kọ ọ́, ọ̀gá á ní wíwó kò kúkú pa ẹran lára, ṣebí wọ́n ń bímọ sí i. Bí kò bá kọ ọ́, òdo ni.

Ìbọn dún nínú igbó. Ẹtu fò dìde. Kò sá fún ẹ̀rọ tó ń kùn; ó ti ọmọ rẹ̀ síwájú, ó sì lọ ba sábẹ́ òjìji irin náà, níbi tí ọ̀gá kì í jẹ́ kí ọdẹ yìnbọn dé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn awakọ̀. Ènìyàn kì í déédéé sáré wọ inú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ń lé e.

Àbúrò obìnrin náà ti rí i pẹ̀lú. Ó rọra na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́.

"Ṣé kí n pa ẹ̀rọ, kí ẹ lè ya ẹran náà ní fọ́tò?"

Obìnrin náà wo ẹtu lábẹ́ irin. Ó ti dùbúlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀.

"Má pa á," ló wí. "Jẹ́ kó máa kùn."