Ara Gbígbóná Kọ́ Ni

Èmi ni mo ń tọ́jú ìwé àìsàn nílé iṣẹ́ búrẹ́dì wa. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fùláwà. Mo máa kọ orúkọ rẹ̀, á sì lọ sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Tí mo bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín oṣù kan, wọ́n á fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣòfin yẹn, mo sì ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn kí èèyàn máa fi àìsàn ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ni olórí àwọn tó ń po fùláwà. Ọdún méjìlélógún ni wọ́n ti fi dúró nídìí tábìlì gígùn yẹn. Tí wọ́n bá ti fi ìka kan tẹ èyí tí wọ́n pò, wọ́n ti mọ̀ bóyá ó tó wọ ààrò. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù, wọ́n ya wá sọ́dọ̀ mi, òógùn bò wọ́n lójú, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn.

"Àbúrò mi, jẹ́ kí n jáde díẹ̀. Ara mi ń gbóná."

Mo kọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ gbójú sókè. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Wọ́n ní kì í ṣe ibà, mo ní òfin ò mọ ọmọ ìyá. Mo tún kọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo bá wọn níbi fèrèsé, wọ́n tú bọ́tìnnì ọrùn aṣọ iṣẹ́ wọn. Ọ̀gá wa, ọmọdékùnrin tí mo fi ọdún mẹ́wàá jù, ti rí wọn kí n tó débẹ̀.

"Mà, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ẹ gba ìwé tó sọ ohun tó ń ṣe yín wá lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó ṣú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹlòmíì ló máa dúró nídìí tábìlì lọ́la."

Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan iwájú orí wọn. Ó tutù, ó sì rin gbìndìn.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ wọn ìgbóná ara wọn, kò rí nǹkan kan. Ó wá ń bi wọ́n léèrè.

"Ṣé àyà ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, tá á wá gun ọrùn àti ojú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá lọ tán, òtútù á wá mú mi."

"Nǹkan oṣù ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ wojú mi. "Ó ti tó oṣù márùn-ún tí mo ti rí i kẹ́yìn."

Mi ò mọ̀. Ojoojúmọ́ la jọ ń rìn lọ síbi iṣẹ́.

"Ibà kọ́ ni," nọ́ọ̀sì wí. "Nǹkan oṣù yín ló ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èròjà kan lára obìnrin ló ń dín kù, ọpọlọ wá ń ṣi ooru mú. Ooru díẹ̀ báyìí, á rò pé ara fẹ́ jóná, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da òógùn láti fi tù ú."

Ó ní kí wọ́n máa wọ aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ara wọn, kí wọ́n lè bọ́ ọ̀kan, kí omi tútù wà nítòsí, kí wọ́n máa mí díẹ̀díẹ̀ tó bá dé. Kí wọ́n ṣọ́ bóyá tíì gbígbóná tàbí ata ló ń fà á. Tí kò bá jẹ́ kí wọ́n sùn, kí wọ́n padà wá rí dókítà. Oògùn wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo obìnrin ló bá lára mu.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. "Mo ti rò pé ikú ni." Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé o rántí bí Màmá ṣe máa ń lọ jókòó sórí sìmẹ́ńtì tútù lóru?"

Mo rántí. Èmi ni mo máa ń gbé kúbùsù lọ bá wọn, tí mo máa ń sọ fún wọn pé ara wọn gbóná, kí wọ́n bora. Wọn kì í jà mí níyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Lójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ fún ọ̀gá wa, kó má bàa sọ pé àwọn ti darúgbó. Ìwé nọ́ọ̀sì kò sọ ju pé kò sí ibà lọ. Ọ̀gá kà á, ó ta á sórí tábìlì.

"Tí kì í bá ṣe ibà, kí ló ń gbé wọn kúrò nídìí iṣẹ́? Ẹ kọ ara gbígbóná síbẹ̀, ká parí ẹ̀."

Mo ṣí ìwé. Mo mú bírò. Ẹ̀gbọ́n mi gba bírò lọ́wọ́ mi.

"Ìwọ lo ti ń kọ ọ́ látọjọ́ yìí. Jẹ́ kí n kọ tèmi."

Wọ́n fa ìlà sórí méjèèjì tí mo ti kọ. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà nísàlẹ̀ pé: *Nǹkan oṣù mi ń dáwọ́ dúró. Ooru máa ń mú mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo máa lọ síbi fèrèsé, mo sì máa padà.* Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ọ̀gá kà á, ó pa ìwé náà dé. "Ẹ padà sídìí tábìlì, Mà," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́.

Mo sáré tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà yàrá fùláwà. Mo ní kí wọ́n má bínú, òfin ni mo tẹ̀ lé.

"Mo sọ fún ẹ pé kì í ṣe ibà," ni wọ́n fèsì. "O ò bi mí pé kí wá ni." Wọ́n wọlé lọ fọwọ́.