Ohùn Ọkọ̀ Dìran

Ó ti rẹ Dìran kí ó tó ra fíltà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ náà. Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn: ẹni tí ara rẹ̀ bá le, tí ó sì ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì láti ọdún mọ́kàndínlógún, kò ní tètè gba ọ̀rọ̀ ọlọ́jà gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Adigbe ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé, Ewékorò ló ti ń ṣe iṣẹ́ tísà. Péjú, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń tọ́jú Màmá lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì alẹ́ ni Péjú, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ máa lọ síbi iṣẹ́. Dìran gbọ́dọ̀ ti dé kí aago márùn-ún tó lù. Ojú Màmá ti di bàìbàì, ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì gbọ́ràn mọ́. Etí wọn nìkan ló ṣì dá ṣáṣá.

Láti ìgbà tí bẹntiróòlù ti gbówó lórí, ìwọ̀nba epo tí agbára Dìran ká lọ́jọ́ Ajé kì í gbé e dé ọjọ́ Ẹtì mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, epo tán mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Wáàsìmi. Kí ó tó rí ọkọ̀ èrò wọ̀, kí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tó fún wọn lọ́nà, aago méje ti lù. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló bá Màmá, láàárín ibùsùn àti àga.

“Mo ní bóyá o ò ní wálé mọ́ ni,” ni wọ́n wí. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Dìran wọ egungun.

Ní Sátidé, ó ra fíltà kan ní Pánṣẹ́kẹ́, pupa, ẹlẹ́nu ṣóńṣó, pẹ̀lú páìpù tó ń dán. Ọlọ́jà ní kí wọ́n yọ àpótí fíltà tó bá ọkọ̀ wá, pé ọkọ̀ á máa mí dáadáa, á máa sáré, epo ọjọ́ mẹ́rin á sì di ti ọjọ́ márùn-ún.

Ariwo dé lóòótọ́. Bí Dìran bá ti tẹ iná mọ́ ọn, ẹ́ńjìnnì á bú ramúramù, ó sì gbà pé agbára ni. Màmá náà gbà. Kí ó tó gun òkè àdúgbò wọn tán, wọ́n á ti máa ké láti orí ibùsùn pé, “Péjú, máa lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ti dé!”

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, iná tó ń kìlọ̀ pé epo ń tán tàn ní Wáàsìmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kan báyìí, ibi tó ti máa ń tàn tẹ́lẹ̀ náà ni. Dìran ní gosíló ló fà á. Ó fi ọkọ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwé, ó tọrọ ààyè, ó wọ ọkọ̀ èrò wálé láti aago kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, iye lítà kan náà, òpó kan náà. Ọ̀gá rẹ̀ ti ń fajú ro. Tísà físíìsì mọ ohun tí òpó yẹn ń sọ, pé epo kò dín kù, ṣùgbọ́n ó ń wojú ibòmíràn. Ẹ̀rù òtítọ́ ń bà á.

Ní Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹta, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jùbrílù, mẹkáníìkì rẹ̀, tú páìpù náà, ó fi ìka nu inú rẹ̀. Ìka rẹ̀ di funfun.

“Ẹ wò ó, Tísà. Eruku sìmẹ́ǹtì ti ń gba inú fíltà yín wọ ẹ́ńjìnnì.”

“Wọ́n ní yóò dín epo kù.”

“Kọ̀ǹpútà ló ń wọn afẹ́fẹ́ ọkọ̀ yìí. Iye afẹ́fẹ́ tó bá wọlé náà ló ń bu epo fún. Atẹ́gùn gbígbóná abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ tún wá ń fún un mu. Ariwo lẹ rà, ẹ má bínú.”

Dìran kò bínú. Níbo ni yóò ti rí agbára ìbínú? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó ní kí Jùbrílù dá àpótí àtijọ́ padà.

Nígbà tí ó délé, aago márùn-ún ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Péjú ti lọ. Ọkọ̀ rọra gun òkè láìpariwo. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá Màmá lórí ìdúró, ọwọ́ kan lára ògiri, ẹsẹ̀ òsì ń gbọ̀n rìrì. Ó sáré gbá wọn mú.

“Màmá, kí lẹ ń wá?”

“Mò ń lọ sẹ́nu ọ̀nà, kí n lè tẹ́tí dáadáa. N ò gbọ́ ẹ. Mo ní epo ti tán nìyẹn.”

Ó gbé wọn jókòó. “Mo ti yọ nǹkan yẹn, Màmá. Kò wúlò. Kò dín epo, kò fún ọkọ̀ lágbára.”

“Ó wúlò o,” ni Màmá wí. “Òun ló ń sọ fún mi pé kí n jókòó jẹ́ẹ́.”

Omijé lé sí Dìran lójú.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ òkè, ó tẹ họ́ọ̀nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbọọrọ. Aládùúgbò kan yọrí lójú fèrèsé, ó bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Dìran tọrọ gáfárà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Bí ó ti délé tí ó pa ẹ́ńjìnnì, ó gbọ́ ohùn Màmá láti inú ilé.

“Mo ti gbọ́! Mo jókòó!”

Dìran rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó wo geèjì epo. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti sún mọ́ ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.