Ẹ̀jẹ̀ Lẹ́nu Kànga

Òkò àkọ́kọ́ ba Màríyámọ̀ níwájú orí, ẹ̀jẹ̀ ya bò ó lójú. Ó fẹ̀yìn ti kànga rẹ̀ ní Ìkòsì, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pọn lọ́fẹ̀ẹ́.

"Apààyàn!" Mutolib ló ké bẹ́ẹ̀, àdá lọ́wọ́ rẹ̀. Àrùn onígbáméjì ti pa Junaid, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Lánàá ni ìròyìn sì tàn pé wọ́n rí kòkòrò àrùn náà nínú kànga yìí.

"Mutolib, ọwọ́ mi yìí ni mo fi gbẹ̀bí Junaid."

"O gbẹ̀bí ẹ̀, o tún pa á!" Ẹni tó máa ń pè é ní Mummy ló ń pè é ní apààyàn báyìí. Muideen, ọ̀dọ́ àdúgbò tí àrùn náà kọlu àbúrò rẹ̀, fi pákó gbá a lápá. Egungun dún kà.

Adédiwúrà, tó ń ṣàyẹ̀wò nílé ìwòsàn, la àárín èrò kọjá. "Ẹ dáwọ́ dúró! Àyẹ̀wò ti àkọ́kọ́ ò tíì parí ọ̀rọ̀!"

"Aunty, gírámà ò jí òkú!" ni ẹnìkan ké láàárín èrò.

"Ẹ gbọ́ ná! Ẹ̀yà-ẹ̀yà ni kòkòrò yìí. A ní èròjà tí a fi ń dá wọn mọ̀. Ìran sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo la ti ń mú ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, ẹ̀yà kan ṣoṣo ló sì ń dì mọ́, bí àgùntàn tó mọ ohùn olùṣọ́ rẹ̀, tí kì í tẹ̀lé àlejò. Èyí tó dì mọ́ ti ara Junaid ò mọ ti kànga yìí rí. Ti kànga kọ́ ló pa á."

"Níbo ló ti wá kó o?" ni Mutolib bi í.

Adédiwúrà wolẹ̀. "Gbogbo ibi tí ọmọ náà ń dé la ti bu omi. Inú àgbá kan ní ọjà Mile 12 la ti rí ẹ̀yà tó pa á. Àgbá tiyín ni, ẹ̀gbọ́n."

Màríyámọ̀ mọ àgbá náà. Omi gọ́tà ni Mutolib ń pọn sí i, òun ló fi ń fọ kárọ́ọ̀tì tó ń tà kó lè máa dán lójú oníbàárà. Junaid a sì jókòó tì í, a máa jẹ ẹ́ bó ti ń jáde lómi.

"Kárọ́ọ̀tì ẹ̀ ni àbúrò mi jẹ!" Muideen bú jáde, ó la pákó mọ́ Mutolib lórí. Àdá bọ́. Mutolib wó lulẹ̀, kò tilẹ̀ gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ pa mí," ló ń wí. "Ẹ pa mí."

Màríyámọ̀ fi gbogbo ara bò ó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni pákó Muideen tún bà.

"Kò mọ̀!" ló kígbe. "Ẹ̀yin náà ò mọ̀ nígbà tí ẹ ń lù mí! Bí Ọlọ́run bá ní kí kálukú gba tiẹ̀, ta ni yóò kù ní Ìkòsì?"

Lábẹ́ rẹ̀, ó gbọ́ ohùn kékeré: "Mummy, mo pa ọmọ mi."

Màríyámọ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò ṣẹ́ bo orí Mutolib, ó sì gbójú sókè wo Muideen. Pákó ṣì wà lókè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ara pákó náà sẹ́nu kànga. Kò fi lu ẹnikẹ́ni mọ́.