Ohun Tí Tísà Sọ Kí N Tó Dì Í Mú

…kì í ṣe pé mo fà á. Mo yí i ni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ń fa ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni, ìjà ló ń jà. Ẹni tó bá ń yí i, iṣẹ́ ló ń ṣe. Yí ọwọ́ sẹ́yìn, gbé ìgbòǹwọ́ sókè, fi orúnkún ti àárín ẹ̀yìn, tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹni náà tó mọ̀, ó ti délẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn látọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin tórí wọn dàrú, egungun ẹnikẹ́ni ò sì dá rí. Àfi ti Tísà láàárọ̀ yìí. Tísà tí nǹkan kan ò ṣe orí ẹ̀. Tísà tó kàn ń bá mi múra ìdánwò nínú pálọ̀ ara ẹ̀.

Ó fẹ́ lù mí ni. Mo rí ọwọ́ ẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló gbé sókè, ojú ẹ̀ pọ́n, ẹnu ẹ̀ ń gbọ̀n — ẹni tó bá gbé ọwọ́ báyẹn, kí ló fẹ́ fi ṣe? Ṣé ọsàn ló fẹ́ fi ká ni?

Ó fẹ́ lù mí.

Egungun yẹn dún. Ọlọ́run mi, ó dún. Mo ti gbọ́ orí tó kọ lu ògiri, mo ti gbọ́ eyín tó bọ́ sínú agolo, mi ò gbọ́ irú èyí rí. Pàkà, bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi ìdáná lórí orúnkún. Lọ́wọ́ mi níbí ló ti dún. Ó ṣì wà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo ń nù ún sára síkẹ́ẹ̀tì, kò lọ.

Bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn yìí le. Ìyá àgbà kan wà lódìkejì tó ń fi sálúbàtà ta ilẹ̀, pa, pa, pa, kò dúró látìgbà tí mo ti jókòó. Tó bá tún ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo máa dìde, mo máa tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ títí tí — ẹ gbà mí o. Ẹ wo ohun tí mo ń rò. Ìyá tó tó bí mi lọ́mọ. Àti ìlẹ̀kùn tí wọ́n mú Tísà gbà wọlé yìí náà, pákó lásán ni, ìpàá kan ṣoṣo ni mo máa ta á, á sì fò kúrò lára ògiri. Mo máa wọlé. Mo máa sọ pé… kí ni mo máa sọ? Pẹ̀lẹ́? Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Èwo ni tèmi nínú méjèèjì?

Ike omi ń dún lọ́wọ́ mi. Mo ti fún ike náà pọ̀ títí ó fi rún. Tísà ni mo rà á fún, nọ́ọ̀sì ò jẹ́ kí n fún un. *Ẹ má fún un lómi o, bó ti wù kó bẹ̀ yín tó. Ó lè jẹ́ pé wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ oorun kí wọ́n tó to egungun yẹn.* Ọmọ kékeré ni nọ́ọ̀sì náà, ohùn ẹ̀ tutù. Mo kúkú ti gbé ike náà síwájú Tísà nígbà yẹn. Tísà wo omi. Ó wò ó pẹ́. Ó wá yíjú sí ògiri, omijé bọ́ lójú ẹ̀. Láti ilé títí dé ibí kò sunkún, omi inú ike ló pa á lẹ́kún. Ìrora ni. Ìrora á ti pọ̀ jù fún un nígbà yẹn.

Ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ tó fi ń kọ̀wé.

Ọ̀la ni ìdánwò. Àárọ̀ la máa kọ ọ́, ọ̀sán ni wọ́n máa bi wá lọ́rọ̀ lẹ́nu, gbogbo àwa àgbàlagbà tá a ní a fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ wa ti ń múra àtifẹ̀yìntì. Ẹni tó bá ti pé àádọ́ta ọdún, wọn ò gbà á mọ́. Tísà wà lára wa, á sì pé àádọ́ta lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti kọ ọ́ kọ ọ́, ó kù díẹ̀ nígbà gbogbo. Èyí ni ìkẹyìn ẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n, èmi náà sì mọ̀ ọ́n. Mo wá mú ìkẹyìn yẹn, mo yí i sẹ́yìn, mo gbé ìgbòǹwọ́ ẹ̀ sókè…

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti sọ ọ́. *Ìwọ dókítà? Ìwọ tó jẹ́ pé ọwọ́ ẹ ló máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?* Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Mo bínú fún oṣù kan gbáko. Ká ní ó wà níbí báyìí, mo máa gbá a létí, á sì tún rí ẹ̀rí mú dání.

Mú-un-mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Kì í ṣe èébú. Bí ẹnì kan bá ti gbé àga, bí ẹnì kan bá ti fẹ́ fi orí fọ́ fèrèsé, àwọn nọ́ọ̀sì á figbe ta: mú un mọ́lẹ̀! Mú un mọ́lẹ̀! Èmi lẹni tí wọ́n ń ké sí, ló bá di orúkọ. Aláìsàn kan fi ṣíbí gún mi nítan. Ọ̀kan gé mi létí jẹ, ó tu ẹ̀jẹ̀ mi sí mi lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo mú wọn mọ́lẹ̀. Kí n má sì purọ́ — ó máa ń dùn. Ìgbà tí ara ẹni náà bá rọ̀ lábẹ́ mi, tí ariwo dákẹ́, tí wọ́ọ̀dù pa lọ́lọ́. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú, bí omi tútù lọ́sàn-án gangan. Láàárọ̀ yìí náà, kí egungun yẹn tó dún… bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ yìí náà ó dùn.

Lẹ́yìn náà ni dókítà máa ń wọlé. Á bẹ̀rẹ̀ síbi orí ẹni tó wà nílẹ̀, á ní, kí ló dé, màmá? Ta ló ṣe yín? Obìnrin náà á sì sọ ọ́. Á sọ gbogbo ẹ̀, ìdí tó fi gbé àga, ẹni tó rò pé òun rí. Èmi á wà lórí ẹ̀yìn ẹ̀ pẹ̀lú orúnkún mi, mi ò ní gbọ́ nǹkan kan, torí èmi ń ka èémí ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ dókítà ti wù mí. Mo fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo sọ èyí fún Tísà, ó gbá tábìlì. *Ìyẹn ni kó o sọ fún wọn! Gbàgbé ìranù pé o fẹ́ ran ọmọ aráyé lọ́wọ́.* Inú ẹ̀ dùn bí ẹni tó rí owó he. Èmi náà wá bi í: Tísà, ẹ̀yin ńkọ́, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ di dókítà? Ó ní sáyẹ́ǹsì ló wu òun láti kékeré. Mo ní irọ́ ni, Tísà, ẹ tún un sọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ń wá gíláàsì òun. Gíláàsì náà wà lójú ẹ̀.

Kí ni mo ń wí… ọwọ́ ẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè.

Mo kọ́kọ́ ka ohun tó wà lórí káàdì ìdánrawò. Níbi ìdánwò yẹn wọ́n máa ń gbé òṣèré kan jókòó síwájú èèyàn, á máa ṣe bí aláìsàn tàbí ẹbí aláìsàn, wọ́n á máa wo bí èèyàn ṣe máa bá a sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣubú. Tísà ló kọ àwọn káàdì tá a fi ń dánra wò. Ti àárọ̀ yìí ní: bàbá kan ń bínú nítorí wọ́n fi ọmọkùnrin ẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, ara ọmọ náà ti ń yá, fi bàbá náà lọ́kàn balẹ̀. Èmi ni dókítà, Tísà ni bàbá. Ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kanlẹ̀kùn, ó wọlé. Ó kọ́kọ́ ń ṣe é bí ẹni ń ṣeré, ó ń yan, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. *Dókítà! Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe níbí nìyí?* Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó, sà. Kò jókòó. Ohùn ẹ̀ ń lọ sókè. Ó ń lọ sókè. Bí ohùn bá ti dé ibì kan, etí mi a di, mi ò ní rí nǹkan míràn mọ́ àfi èjìká, àfi ìgbòǹwọ́, àfi ibi tí mo máa ti dì í mú…

Kí ló sọ?

Ó bi mí nínú takisí. Ó gbé apá yẹn lé itan bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn, kò pariwo, kò bú mi. *Àbúrò mi, kí ni mo sọ kó o tó dì mí mú?* Mo ní, ẹ ní ẹ máa gbá mi létí. Ó wò mí. Ó wá kọjú sí fèrèsé títí a fi dé ibí.

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Àbí kí ni ọwọ́ ẹ̀ ń wá lókè? Ó ní, mo máa gbá ẹ… rárá. Tísà kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, dókítà, ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe níbí nìyí. Ó ní a ti wà níbí látàárọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó wo ọmọ òun. Gbogbo ìyẹn wà lórí káàdì. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ohùn ẹ̀ wá yí padà. Kò lọ sókè mọ́. Ó… ó wálẹ̀ ni? Ohùn ẹ̀ wálẹ̀. Kí ló dé tí mo fi ń sọ pé ó ń lọ sókè? Ó wálẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré.

*Ẹ má fún un lómi o.*

Rárá, nọ́ọ̀sì nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ló sọ ìyẹn, níbí, lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ìyá yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ nǹkan tí mo ń gbọ́. Omi. Tísà náà sọ omi. Ó sọ omi kí n tó dì í mú. Kò sí omi lórí káàdì.

*Omi ló ń bèèrè.*

Ta ló ń bèèrè omi?

*Omi ni ọmọbìnrin mi ń bèèrè, dókítà. Ẹ ní kí n má fún un. Ó ń bẹ̀ mí. Mi ò fún un.*

Ọmọbìnrin. Ọkùnrin ni ọmọ orí káàdì, ara ẹ̀ sì ti ń yá. Tísà ló kọ káàdì yẹn, ó mọ ohun tó kọ síbẹ̀. *Mi ò fún un. Títí tó fi jáde láyé, mi ò fún un.*

Há.

Ẹ̀gbà ọwọ́ pupa tí kọ́kọ́rọ́ ilé Tísà máa ń so mọ́, tó kéré, tí kò lè wọ ọwọ́ àgbàlagbà. Mo ti dì í mú láìmọye ìgbà, mo ti fi í ṣílẹ̀kùn wọlé lọ kàwé, mo rò pé ó rí i he ni. Mi ò bi í. Mo ní irọ́ ni, Tísà, ẹ tún un sọ. Ó wá tún un sọ. Láàárọ̀ yìí ló tún un sọ, èmi ló sọ ọ́ fún, èmi tí mo ní mo fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún. Èmi ń wo ìgbòǹwọ́ ẹ̀.

Ọwọ́ yẹn ńkọ́? Ó ṣì gbé ọwọ́ sókè, mi ò lá a lálàá. Jẹ́ kí n wò ó. Mo gbé ike omi sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbáni létí, ọwọ́ kan ló ń gbé. Méjèèjì ni Tísà gbé. Àtẹ́lẹwọ́ ò kọjú sí mi, ara ẹ̀ ló kọjú sí. Báyìí. Mo gbé tèmi náà. Wọ́n kọjá àyà mi. Wọ́n kọjá èjìká. Ibẹ̀ ni mo ti dì í mú, mi ò jẹ́ kó parí ẹ̀. Wọ́n kọjá etí. Níbo ló kù tí wọ́n ń lọ? Kò síbòmíràn.

Wọ́n bà lé mi lórí.

Ó fẹ́ káwọ́ lérí ni. Èèyàn tó fẹ́ káwọ́ lérí sunkún ọmọ ẹ̀, mo ṣẹ́ ọwọ́ yẹn kó tó débẹ̀.

Sálúbàtà ti dákẹ́. Ìyá àgbà yẹn ń wò mí. Ó dìde, ó ń bọ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ti ògiri bó ṣe ń bọ̀. Ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Ìlẹ̀kùn ò tíì ṣí. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣì wà lórí mi, kò sì sẹ́ni tó mú mi mọ́lẹ̀.