Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Lè Sọ̀rọ̀

Kò lè sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ nìyẹn. Fọ́ọ̀mù rèé níwájú mi, lórí tábìlì ọmọdé tí orúnkún mi ò wọ abẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sùn lọ́sàn-án yìí lórí ẹní… Kò lè sọ̀rọ̀. Ta ni kò lè sọ̀rọ̀? Ọmọ aránṣọ yìí?

Àárọ̀ yìí ńkọ́? Odindi sáà kan ni kò fi lanu ní kíláàsì mi. Àfi láàárọ̀ yìí tó dìde fúnra rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn lédè ilé wọn. Pé òjò wọ yàrá wọn. Pé màmá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò ó, àwọn méjèèjì wá sùn sílẹ̀. “Mo wá bi wọ́n pé, màmi, ṣé òtútù ń mú ẹ̀rọ ni?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́rin —

Ọ̀gá wa sì wà lẹ́nu ọ̀nà. “Àǹtí, èdè wo lẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ níbí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lè sọ̀rọ̀. Kó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ ọwọ́.”

Ọmọ ọwọ́. Ẹni tó mọ ìtàn sọ tó báyìí. Ṣebí èdè yẹn náà ni ọ̀gá fi ń bá awakọ̀ wa jà ní géètì lójoojúmọ́. Ó dára fún ìjà, kò dára fún ìtàn? Aránṣọ ń bọ̀ láago méjì wá mú ọmọ ẹ̀, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ọ̀gá ló pa ọmọ yín lẹ́nu mọ́. Pé ọ̀gá ló…

Rárá. Dúró ná.

Nígbà tí ọ̀gá yọ, wọn ò tíì sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn dúró ni. Ọmọ náà ò rí wọn, ó ń bọ́rọ̀ lọ, ó ti ń sọ pé “nígbà tílẹ̀ mọ́…” Èmi ni mo rí ojú ọ̀gá. Mo gbọ́wọ́ lé ọmọ náà léjìká, mo sọ fún un lédè ilé ìwé pé ó tó, jókòó. Jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó wò mí. Kò wo ọ̀gá rárá… èmi ló wò. Ó jókòó.

Ọ̀gá ò tíì lanu.

Èmi ni mo pa á lẹ́nu mọ́.