Ìka Bàbá Tíṣà

Láti ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu Bàbá Tíṣà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí ó bá na ìka sí fèrèsé, kí wọ́n ṣí i ni. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ, a máa fi yangàn fún àwọn oníbàárà pé kí ìka ọkọ òun tó nà tán ni òun ti mọ ohun tó fẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo tí Bàbá kì í na ìka sí ni Olóyè, akọ ológbò dúdú tó ń sùn ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ ṣì wà, oríkì ló fi ń jí i: “Olóyè, a-rìn-má-jẹ́-kílẹ̀-ó-gbọ́, ẹlẹ́wù àrán tí kò dé ọ̀dọ̀ aránṣọ rí, a-sùn-bí-ọba-jí-bí-ọdẹ.” Ìyàwó a ní òun tí òun ń se oúnjẹ, ta ló ki òun tó báyẹn rí?

Ní òwúrọ̀ kan, Olóyè wọ inú páànù iyanrìn tó ń tọ̀ sí, ó lóṣòó, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, ó tún padà. Ó lọ lóṣòó sórí aṣọ tí wọ́n gé sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò sí ohun tó jáde, igbe ló ń ké. Àbúrò Bàbá lóbìnrin, tó wá kí wọn, bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, abo ló ń wá. Ẹ tì í mọ́lé, kó má lọ kó ọmọ àlè wálé fún yín.”

Wọ́n tì í mọ́ yàrá Bàbá.

Ibẹ̀ ni Bàbá ti rí i tó ń lá abẹ́ ara rẹ̀ láìsinmi, tó tún lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, tí ẹ̀kán ìtọ̀ kan ṣoṣo já bọ́, ó pupa. Bàbá mọ ìrora yẹn. Òun náà ti jẹ ẹ́ kí wọ́n tó ki rọ́bà sí i lábẹ́, tí ìtọ̀ rẹ̀ fi ń ṣàn sínú àpò tí wọ́n so mọ́ ibùsùn. Ó lu ibùsùn títí ìyàwó fi sáré dé. Ó fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ ikùn ara rẹ̀, ó na ìka sí àpò náà, ó sì na án kọjá àpò, síbi tí Olóyè ká jọ sí.

Àpò nìkan ni ìyàwó rí.

“Rọ́bà yín ló dí? Olúwa, gbà wá.”

Bàbá ń mi orí, ìyàwó ní ìrora ló mú un mi orí. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fọ rọ́bà, kò rí nǹkan kan. Bàbá ń lu apá àga, ó ń na ìka sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní ara ló ń ni ín, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n sì dá a dúró. Nígbà tí ìyàwó ránṣẹ́ béèrè ilé, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó dúró ṣọ́lé ní àlàáfíà ni, pé Olóyè nìkan ni kò jẹun, ìfẹ́ ló ń pa á.

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n padà dé. Olóyè wà lábẹ́ ibùsùn nínú èébì ara rẹ̀, ó tutù, ikùn rẹ̀ le bíi bọ́ọ̀lù. Ìyàwó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ aṣọ, ó sáré tọ dókítà ẹran lọ. Orí tábìlì ibẹ̀ ló kú sí.

“Ìyá, ọ̀nà ìtọ̀ akọ ológbò tín-ín-rín púpọ̀,” ni dókítà wí. “Bó bá ń lóṣòó tí ìtọ̀ ò jáde, ẹ má dúró di ọ̀la. Ká ní ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni. Àbí kò sẹ́ni tó kíyè sí i nílé?”

Ó ní kò sí. Ó ti dé ìta kó tó rántí pé ìka Bàbá kò dúró lórí àpò lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ gbàdúrà, àdúrà kò wá.

Nígbà tó sọ fún Bàbá, àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ológbò lásán ni kẹ̀, àwọn á wá òmíràn. Bàbá wò ó, ó wo ìyàwó, ó sì ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ aṣọ ìbora.

Ìyàwó bi í bóyá kí òun ṣí fèrèsé. Ọwọ́ kò jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ oríkì Olóyè, ó ṣì í sọ, ó ń retí kí Bàbá mi orí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá kọjú sógiri.

Láti ìgbà náà, tó bá ń ránṣọ lọ́wọ́, a dìde lọ wo àpò, a fọwọ́ tẹ̀lé rọ́bà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí bí rọ́bà bá dí, kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un mọ́. Àdúrà rẹ̀ kò gùn mọ́: Olúwa, ì báà jẹ́ láti fi bú mi ni, jẹ́ kó na ìka yẹn.