Ta Ni Okùn Gìtá Rẹ̀ Já?

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa,” ni Ìníolúwa wí, ó sì na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà. “Ẹ ó gbọ́ nǹkan kan tí yóò dún ‘pàì’. Ó ń bọ̀. Ó ń bọ̀... Òun nìyẹn! Kí ni?”

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí ọmọbìnrin náà fi bo Abọ́dúndé ní etí méjèèjì tóbi, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n kì í ṣe ooru rẹ̀ ni ó mú kí òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó mọ ohun tí ó dún. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta tí ó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn, síbẹ̀, bí ènìyàn ti í dá ikọ́ baba rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ ni ó dá a mọ̀.

“Okùn gìtá ni ó já,” ni ó wí.

“Mo mọ̀!” Ìníolúwa pàtẹ́wọ́. “Gìtá méjì ni mo ń gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí okùn yìí ti já, ọ̀kan dákẹ́, èkejì gba iwájú, ó sì ń ta á lọ fún ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún gbáko. Bàbá, ara mi bù máṣọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù. Okùn gìtá ta ni ó já? Tiyín ni, àbí ti Bàbá Ọláṣùpọ̀?”

Orí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Abọ́dúndé, jókòó sí, tí ó ń fi fóònù ya baba rẹ̀. Ó ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọjọ́ òní. “Dádì, ẹ dá a lóhùn,” ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. “Àbí ìtìjú ń ṣe yín ni? Ẹ̀yin tí ẹ fi ìtàn yìí rẹ̀ wá sùn nígbà tí a wà ní kékeré!”

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro láti lóye. Ní ọdún 1978, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wà ní Sùúrùlérè tí wọ́n ń pè ní Àgbàrá Òjò; Abọ́dúndé àti Ọláṣùpọ̀ ni onígìtá wọn. Wọn kì í kọ orin kan lọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọn a bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ó jáde nílé láìmọ ibi tí ó ń lọ. Onílù a bi onígìtá léèrè, onígìtá a fèsì, ẹlòmíràn a já lu ọ̀rọ̀ náà, orin kan ṣoṣo a sì gba wákàtí kan. Nítorí èyí, kò sí iléeṣẹ́ tí ó gbà láti ṣe àwo fún wọn. Ta ni yóò ra orin tí kò ní orí, tí kò ní ìdí? Solomon, ẹni tí ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn wọn, nìkan ni ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì gba eré wọn sílẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti ṣe é. Nígbà tí Solomon kú ní ọdún tí ó kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ bá kásẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélógójì nínú àpótí, wọ́n sì kó wọn lọ fún Ìníolúwa ní Sábó, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wẹ ohùn àtijọ́ mọ́, kí ó sì gbé e síta fún gbogbo ayé. Nínú gbogbo Àgbàrá Òjò, Abọ́dúndé nìkan ni ó ṣẹ́kù. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ó kù láyé, ẹnu rẹ̀ ni òfin.

Ó sì wu Abọ́dúndé kí a gbọ́ orúkọ òun. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi ṣe akọ̀wé ìjọba, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti bi í léèrè rí bóyá ó mọ ohunkóhun ṣe.

“Ti Ọláṣùpọ̀ ni ó já,” ni ó wí. “Ó bọ́ sẹ́yìn láti lọ pààrọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo gba iwájú.”

Irọ́ náà kò wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó ti ń pa á láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì ti dán bí èèkù àdá àgbẹ̀. Ìníolúwa kọ ọ́ sínú ìwé. Kíkẹ́lọmọ tẹ fóònù rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó gbé fídíò náà síta, ó ní, “Ó ti jáde! Kí gbogbo ayé wá wo baba mi.”

Ìgbà yẹn ni ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Ìníolúwa fò dìde. “N kò sọ fún yín tẹ́lẹ̀, Bàbá. Mo fẹ́ kí ó jẹ́ ìdùnnú òjijì.” Ó ṣílẹ̀kùn, obìnrin àgbà kan sì wọlé, tírín, tí ó wọ bùbá àdìrẹ, tí ó ń mí gúlegúle nítorí àtẹ̀gùn. Àṣàbí ni, opó Ọláṣùpọ̀. Láti Múṣín ni wọ́n ti pè é wá, kí ó lè fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà kí wọ́n gbé ohùn ọkọ òun jáde.

Ó kí Ìníolúwa. Ó kí Kíkẹ́lọmọ. Ó wá àga, ó jókòó.

“Ìyàwó wa,” ni Abọ́dúndé wí. “O kú ọjọ́ mẹ́ta o.”

“Ọjọ́ mẹ́ta?” Àṣàbí tún ìró rẹ̀ ṣe. “Ọkọ mi ti lo ọdún mẹ́rìndínlógún nínú ilẹ̀, n kò rí yín níbi òkú, n kò rí yín níbi ìrántí. Ọjọ́ mẹ́ta yín gùn o, Bọ̀dá Abọ́dúndé. Ẹ má sì pè mí ní ìyàwó yín mọ́. Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ jẹ́ ìyàwó yín, ẹ ti lé e lọ.”

Kíkẹ́lọmọ wo ojú baba rẹ̀. Ìníolúwa, tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀, sáré nawọ́ ìwé sí obìnrin náà. “Mọ́mì, ibí ni ẹ ó fọwọ́ sí. Èyí ni àkọsílẹ̀ àwọn tí ó ṣeré lọ́jọ́ náà.”

Àṣàbí yọ awò ojú rẹ̀ nínú àpò, ó sì kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. “‘Gìtá iwájú, Abọ́dúndé. Gìtá kejì, Ọláṣùpọ̀.’” Ó mi orí. “Ìkejì. Àti láyé àti lọ́run, ìkejì náà ni. Ọmọ mi, kí n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, jẹ́ kí n gbọ́ ọ.”

Ìníolúwa yọ okùn ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ náà, orin sì jáde láti inú sípíkà. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Yábàá. Èrò ń pariwo, ìgò ń kan ara wọn, onílù ń rìn lọ ní tirẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Gìtá méjì ń bá ara wọn jiyàn. Àṣàbí di ojú rẹ̀. Kò pẹ́, ó dún: pàì! Gìtá kan pa lọ́lọ́. Èyí tí ó kù dúró díẹ̀, bí ẹni tí ó wo ẹ̀yìn tí kò rí ẹnìkejì rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní òun nìkan, ohùn rẹ̀ le, ó ń ké bí irin tí a ń pọ́n, onílù sì gbá tẹ̀ lé e bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo èrò rọlẹ̀, títí tí a kò gbọ́ ìró ìgò kankan mọ́.

Àṣàbí lajú. “Ta ni okùn rẹ̀ já?”

“Ti Bàbá Ọláṣùpọ̀ ni, Mọ́mì. Bàbá ni ó sọ fún wa.”

“Òun ni ó sọ ọ́?” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. “Ǹjẹ́ o mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ọkọ mi ní Sùúrùlérè nígbà náà? Bíréèkì. ‘Ọláṣùpọ̀ Bíréèkì, ṣé o ti rí kẹ̀kẹ́ tú lónìí?’ Bi bàbá yìí léèrè, òun ni ó sọ ọ́ lórúkọ.”

“Kí ló dé tí wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀, Mọ́mì?”

“Nítorí okùn ni. Òkè òkun ni okùn gìtá ti ń wá, apá ọkọ mi kò sì ká a. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ni ó máa ń rà lọ́wọ́ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Yóò tú u, yóò fa irun rẹ̀ yọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, yóò sì so ó mọ́ gìtá. Èmi ni mo máa ń di ìdí rẹ̀ mú fún un bí ó bá ń fà á. Wò ó.” Ó na àtàǹpàkò ọwọ́ òsì rẹ̀ jáde, àpá kan gba ìbú rẹ̀, ó funfun bí òwú. “Wáyà tí ń dá kẹ̀kẹ́ dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pẹ̀lú àpò gàrí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ṣé ìka ọmọ ènìyàn ni yóò já a? Ó máa ń gé ni lọ́wọ́, kì í já. Ní gbogbo ọdún tí ọkọ mi fi ta gìtá, okùn rẹ̀ kò já rí. Àwọn okùn dídán tí wọ́n ń fi ọkọ̀ òfurufú kó wá fún ọmọ olówó, àwọn ni ó máa ń já.”

Ìníolúwa dá orin náà dúró. Kíkẹ́lọmọ gbé fóònù rẹ̀ sí orí itan.

“Dádì?”

Abọ́dúndé la ẹnu. Èsì wà nílẹ̀ tí ó pọ̀: pé ọjọ́ ti pẹ́, pé arúgbó a máa gbàgbé, pé ó ṣeé ṣe kí Ọláṣùpọ̀ yá okùn lò lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tí ó lè já a níyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó padà sọ́kàn rẹ̀ ni aṣọ ìkélé tí ó wà lẹ́yìn ìtàgé lọ́jọ́ náà. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ó fi so okùn tuntun. Ó gbé gìtá kọ́ ọrùn, ó ká aṣọ náà sókè láti padà wọlé, ó sì gbọ́ ohun tí Ọláṣùpọ̀ ń ṣe. Kò lè wọlé mọ́. Ó dúró síbẹ̀ títí orin fi parí, ọwọ́ rẹ̀ lórí okùn, láìta ẹyọ kan. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó sọ fún ẹgbẹ́ pé ọtí ti ba ọwọ́ Ọláṣùpọ̀ jẹ́, pé kò mọ gìtá ta mọ́, pé bí wọn kò bá lé e, òun yóò lọ. Baba Abọ́dúndé ni ó ra ẹ̀rọ ohùn wọn, òun náà ni ó ni ọkọ̀ tí ń gbé wọn káàkiri. Ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀.

“Tèmi ni ó já,” ni ó wí.

“Bàbá,” ni Ìníolúwa wí pẹ̀lẹ́, “ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún yìí ńkọ́?”

“Òun ni. N kò sí níbẹ̀.”

Kíkẹ́lọmọ dìde dúró. “Ẹ sọ ìtàn yìí níbi ìgbéyàwó mi, Dádì. Ẹ gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ alága, ẹ sọ ọ́ lójú àwọn àna mi.” Ó na fóònù rẹ̀ sí i. “Mo ti fi yín yangàn fún gbogbo ayé láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń kí mi. Títí di ìsinsìnyí wọ́n ṣì ń kí mi.”

“Yọ ọ́ kúrò.”

“Kí n yọ èwo? Èyí tí ó wà lórí fóònù, àbí èyí tí ó wà lórí mi?”

Abọ́dúndé kọjú sí Àṣàbí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ eékún rẹ̀ wálẹ̀. “Ẹ dákun,” ni ó wí. “Ẹ foríjì mí.”

“Ẹ dìde,” ni Àṣàbí wí. “Eékún yín kò lágbára mọ́, èmi náà kò sì ní agbára tí n ó fi gbé yín sókè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mi. Táyà ni ọkọ mi ń lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà títí ó fi kú. Ṣìmí, àkọ́bí wa, bi í lọ́jọ́ kan, ó ní, ‘Bàbá mi, wọ́n ní ẹ ta gìtá rí.’ Ó ní rárá, wọ́n purọ́, òun kò mọ̀ ọ́n ta. Ṣé ó yé yín? Kì í ṣe ìbínú ni ó fi sọ ọ́. Ó gbà yín gbọ́ ni. Ó ní, ‘Abọ́dúndé mọ gìtá, bí ó bá ní n kò mọ̀ ọ́n, n kò mọ̀ ọ́n nìyẹn.’”

Abọ́dúndé di etí tábìlì mú, ó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀. Ó mú kálàmù Ìníolúwa, ó fa ìwé náà mọ́ra, ó sì fi ìlà gba orúkọ ara rẹ̀ já. Lókè rẹ̀ ni ó kọ Ọláṣùpọ̀ sí, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà. Ó wo ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ gìtá kejì, ó sì fi ìlà gba orúkọ Ọláṣùpọ̀ tí ó wà níbẹ̀ já. Kò kọ orúkọ mìíràn síbẹ̀.

Àṣàbí wo ìwé náà títí, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sí i. “Ọmọ mi,” ni ó wí fún Ìníolúwa, “tún un bẹ̀rẹ̀ fún mi láti ibi tí okùn ti já.” Ó wá gbójú sókè wo Abọ́dúndé. “Ẹ̀yin, ẹ bọ́ síta.”

Ìníolúwa wo ilẹ̀. A kì í lé àgbàlagbà jáde níbi tí ó jókòó sí.

“Mo fẹ́ gbọ́ ọkọ mi,” ni Àṣàbí wí. “N kò fẹ́ kí ẹ wà níbẹ̀.”

Abọ́dúndé mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó jáde. Kíkẹ́lọmọ jáde tẹ̀ lé e, Ìníolúwa sì ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn náà nípọn. Wọ́n fi fóòmù àti awọ dí i láti òkè dé ilẹ̀, kí ariwo ọjà má baà wọlé ba iṣẹ́ jẹ́.

“Mo ti pe ọkọ̀,” ni Kíkẹ́lọmọ wí. Kò wo ojú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí a máa lọ.”

“Máa lọ. Èmi ń dúró.”

“Ẹ ń dúró de kí ni? Ẹ kò gbọ́ ohun tí ó sọ ni?”

Abọ́dúndé gbọ́ ìró bàtà ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń lọ sílẹ̀, kò sì yára.

Abọ́dúndé súnmọ́ ilẹ̀kùn, ó sì fi etí lé e. Ó gbọ́ jẹnẹrétọ̀ tí ń dún nísàlẹ̀. Ó gbọ́ àwọn tí ń ta fóònù àlòkù, tí wọ́n ń pe oníbàárà. Ó gbọ́ obìnrin kan tí ń bú ọlọ́kadà. Ṣùgbọ́n láti inú yàrá náà, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó tún fi etí náà lé ilẹ̀kùn.